Mo Kàwé Fàájì Tòun Ti Báírò Lọ́wọ́

Tómi ọmọ mi ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa bàbá wọn ní kíláàsì, ó sì kọ tiẹ̀ láìfi nǹkan kan bò: bàbá mi ga, bàbá mi fẹ́ràn iyán, ohun tí bàbá mi sì fẹ́ràn láti máa kà jù ni àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Tíṣà rẹ̀ fún un ní 9 nínú 10. Ó tún fa ìlà sábẹ́ ibi tí àlẹ́ẹ̀tì wà, ó kọ "Ó dára gan-an" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Ìwé tí mo kà parí gbẹ̀yìn, torí ìdánwò ni mo ṣe kà á, ìdánwò ọ̀hún náà, ẹ má bi mí bó ṣe lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo dìde níwájú ìyàwó àti ọmọ, mo ní ní gbogbo oṣù tó ń bọ̀, ìwé ni màá máa kà lálaalẹ́. Kì í ṣe ti ìdánwò, kì í ṣe ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, fàájì lásán. Ìwé Yorùbá mẹ́ta gbáko. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Bàbá Tómi, ṣé ara yín le ṣá?"

Ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó mi ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mo ti lọ yá àkọ́kọ́. Tíṣà ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, bí àwọn ẹlòmíì sì ṣe ń bọ Ògún ni òun ń tọ́jú ìwé. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ló mú fún mi. Ìwé náà ti wà nílẹ̀ láti 1938, àmọ́ ẹ̀dà tirẹ̀ yìí, owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà nídìí iṣẹ́ tíṣà ló fi rà á. Ó ti fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó lẹ́yìn, kí èèpo rẹ̀ má baà gbó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ìkókó: "Àna mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o." Mo dọ̀bálẹ̀ gbà á.

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ níbí. Mi ò lè kàwé kí n má mú báírò dání. Láti ìgbà tí a ti ń ka Aláwìíyé nílé ìwé ni wọ́n ti fi yé wa pé bí ènìyàn bá ka nǹkan, ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn: ta ni, níbo, kí ló dé? Títí dòní, kí n ṣáà ti jókòó ti ìwé, ọwọ́ mi á ti wọ àpò. Àkáǹtì ni mò ń yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì. Báírò pupa ló máa ń wà níbẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ dùn. NEPA mú iná wọn lọ, mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ àgbọ̀n, èmi àti Àkàrà-Oògùn, ọdẹ inú ìwé náà, bá wọ igbó. Ìgbà tí Àgbákò yọ, tòun ti ojú mẹ́rìndínlógún, ni nǹkan kan dún gbì lẹ́yìn fèrèsé. Ìyàwó mi ní kí n lọ ti géètì. Mo ní ìgbà wo ni olè ti wọ àdúgbò wa? Òun ló padà lọ tì í.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà wọ mọ́tò ní Dùgbẹ̀. Àpáta ni mo fẹ́ sọ̀ sí. Mo kà, mo rẹ́rìn-ín, mo tún rẹ́rìn-ín, obìnrin tó jókòó tì mí rọra fà sẹ́yìn. Ìgbà tí kọ̀ńdọ́ máa gbá mi léjìká, mọ́tò ti dé Ọmí-Àdìó. Mo ṣàlàyé fún un pé inú igbó ni mo wà. Ó ní igbó ò kan òun, kí n san owó Ọmí.

Gbogbo ìyẹn kéré. Ohun tí ojú mi rí nínú ìwé yẹn gan-an ni pé àṣìṣe kún inú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ "ayé", "aiye" ni wọ́n kọ. "Ènìyàn" di "enia". "Wọ́n" di "nwọn", "yóò" di "yio". Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé tó gbajúmọ̀ tó báyìí, kò sẹ́ni tó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àánú Fágúnwà ṣe mí. Ni báírò pupa bá jáde. Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì ni mo tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, mo wá sùn bí ẹni tó ṣe ìlú lóore.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo kà á tán tí mo dá a padà. Mo tún fẹnu ara mi sọ ọ́, ẹ ò rí i? Mo ní, "Bàbá, mo ti bá yín ṣàtúnṣe díẹ̀ sí i." Bàbá wá dígí rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ṣí ìwé. Ó ṣí i síwájú. Ó tún ṣí i síwájú. Ariwo fáànù nìkan ni mò ń gbọ́.

"Àna mi, ọdún wo ni Fágúnwà kú?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, sà.

"1963. Àkọtọ́ tí ẹ fi ń máàkì í yìí ńkọ́, ọdún wo ni ìjọba fọwọ́ sí i?"

Mo ń wo ilẹ̀.

"1974. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Ẹ wá ń nà án lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ọ." Ó ní bí gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn, òun náà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá wò mí lókè dígí: "Bíbélì tí ẹ ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 'aiye' àti 'enia' náà ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ti máàkì ìyẹn tán?"

Mo ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, àyà mi ń kan tááìsì. Kò ní kí n dìde. Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní ìdajì àwọn àmì ohùn tí mo fi sí i ló ṣì. 4 nínú 10 ló fún mi.

Mo wálé, mo ra ìwé kejì lówó ara mi, kí n lè ba ohun ara mi jẹ́. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni. 1974 tí bàbá fi sọ mí lókò yẹn náà ló jáde, nítorí náà mo ní ọkàn mi balẹ̀. Mo ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997, èyí tó mú kí aṣọ ólékú tún gbòde, àmọ́ mo ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn ọmọge rẹ̀ ṣe lọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kó má baà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò fọwọ́ kan ìwé náà lọ́tẹ̀ yìí. Bébà ọ̀tọ̀ ni mo mú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àṣàkẹ́: òun ni olórí. Lọlá: má gbàgbé rẹ̀. Ṣadé: fara balẹ̀ wò ó. Èwo ni fífẹ́ nínú wọn?" Mo ká a, mo fi sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó mi ló máa ń fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé.

Ilé ìdáná ni mo wà, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ẹ̀wà, mò ń fi ojú kan ṣọ́ ọ, mò ń fi ojú kejì kàwé. Mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Tómi. Ta ni Àṣàkẹ́?"

Inú mi dùn pé òun náà ti nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìwé. Mo fi ayọ̀ dáhùn: "Áà, ọmọ dáadáa ni! Bó o bá mọ̀ ọ́n, wàá fẹ́ràn ẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Lọlá ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn látìjọ́ yìí."

Ìgbà tó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, bébà mi wà láàárín ìka rẹ̀ méjì bí òkú eku, ó sì ti tún ìró rẹ̀ so. Ibẹ̀ ni ojú mi là. Mo na ìwé sí i, mo ń sọ̀rọ̀ kátikàti, mo ní inú ìwé ni wọ́n wà, gbogbo wọn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó wò ó. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gbà á. Ojú ewé kìíní, ó kà á lórí ìdúró. Ìkejì, ó fara ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tó dé ìkẹrin, ó ti jókòó sórí àpótí, Tómi sì ń pariwo láti yàrá pé kí ló ń jóná.

Búrẹ́dì la jẹ. Ìwé yẹn, kò fún mi mọ́. Lálẹ́, òun ló wà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo lọ ti géètì. Ọjọ́ kẹta, bá a ṣe ń mu ògì láàárọ̀, ó sọ gbogbo ìparí rẹ̀ fún mi láìbéèrè, ó ní kí n má bínú, ó ti kún inú òun jù.

Oṣù ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo ra iṣu mẹ́ta, mo gba Òkè-Àdó lọ. Mo ti rò pé bàbá á lé mi, àmọ́ ẹ̀rín ló rín. Ó ní ọmọ òun ti fóònù òun nípa Àṣàkẹ́. Ó mú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wá, èyí tó jáde ní 1969, ó ní Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ni mo nílò, torí ìwé rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè fa ìlà. Àdéhùn kan ló wà: kí n fi báírò sílẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi fún un. Ó mú báírò, ó mú ìwé, ó ní òun fẹ́ fi kàlẹ́ńdà bò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ ní yàrá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, NEPA gan-an fi iná sílẹ̀. Mo tètè ti géètì, mo jẹun yó, mo jókòó lọ́wọ́ òfìfo, mo ṣí ìwé.

Lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí kò sí ìtẹ̀wé kankan, bàbá ti fi báírò pupa kọ bí ọ̀rọ̀ Lápàdé ṣe parí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ewé dé ìsàlẹ̀. Mo wá àṣìṣe títí níbẹ̀. Àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré.