Wi-Fi Bá Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ní Hanwa níbí, ní Zaria, lápútọ́ọ̀pù tokunbọ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà fi Windows tuntun sí i. Á tàn, á máa dán, ṣùgbọ́n Wi-Fi á ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo Wi-Fi, ni kò sí, kí ẹ lọ dáńlóòdù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń wá náà kọ́?

Wáyà tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù tó o: ẹ fi so fóònù mọ́ lápútọ́ọ̀pù náà, ẹ tan USB tethering, dátà á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àwọn ọ̀gá kan á ní kí ẹ kúkú pààrọ̀ káàdì Wi-Fi inú rẹ̀. Ẹ rọra! Àwọn lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ mìíràn wà tí BIOS wọn, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ní orúkọ àwọn káàdì tó lè gbà lálejò. Ẹ fi àjèjì sí i, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tàn. Mẹ́gáàdì ilé olówó ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku káàdì Wi-Fi tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, tí kò ju èékánná lọ. Kò wọ́n. Òun náà ń fẹ́ dráífà, inú CD ni wọ́n sábà máa ń kó o sí, lápútọ́ọ̀pù yín ò sì ní ojú CD.