Mọ́nítọ̀ Tó Fẹ̀ Ju Iṣẹ́ Lọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́: èmi náà wà lára àwọn tó gbà pé bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Kémta, Abẹ́òkúta, níbi tí bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ti ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ra mọ́nítọ̀ oní-íǹṣì 49 tó tẹ̀ yí ojú ẹni ká, tí yóò sì máa pè é ní irinṣẹ́. Mo ti fi rúlà wọn ọ̀rọ̀ náà, mo ti fi owó iná wọ̀n ọ́n, ọrùn mi pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Ibi tí mo já sí ni pé ohun tí mọ́nítọ̀ yìí fi kún ìgbésí ayé mi kì í ṣe ohun tó kù nínú iṣẹ́ mi. Ìbú ni mo lọ rà. Òòró ni mo nílò.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Odyssey G9 tí Samsung gbé jáde lọ́dún 2020 wà lára àwọn tó sọ irú mọ́nítọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: 5120 ni àmì wínníwínní tó tò sí ìbú rẹ̀, 1440 ló tò sí òòró rẹ̀. Íǹṣì 49 tí à ń fi yangàn, láti igun òkè lápá kan sí igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí a bá tú u palẹ̀, ìbú rẹ̀ sún mọ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, òòró rẹ̀ kò sì tó 34. Òòró mọ́nítọ̀ oní-íǹṣì 27 tó kún Computer Village ní Ìkẹjà gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìròyìn àti e-mail, òkè ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ní Abẹ́òkúta tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ lọ́dún 1859, ó yẹ kí ọmọ Ẹ̀gbá ti mọ̀ pé ojú ìwé máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, àti pé àwọn oníwèé ìròyìn ń pín ojú ìwé sí òpó tóóró nítorí pé ìlà tó bá gùn jù máa ń sú ojú. Èmi la ìlà tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, mo wá ń ṣe kàyéfì pé n kò rántí ohun tí mo kà.

Ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ kò sí lẹ́yìn mi nínú ẹjọ́ yìí. Ibi tí ẹyinjú ti ń ríran kedere kò ju nǹkan bí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò lọ nígbà tí a bá na ọwọ́ síwájú. Ìyókù, òjìji ni, àyàfi bí a bá yí ojú tàbí ọrùn. Àwọn àgbà ti ní a kì í fi ojú méjèèjì wo ìgò, ṣùgbọ́n èmi ṣí ìwé mẹ́rin sílẹ̀ kí n lè máa fi ojú méjì wò wọ́n pọ̀. Ìtẹ̀ mọ́nítọ̀ náà tí wọ́n ń kọ ní 1000R túmọ̀ sí pé ó jẹ́ apá kan òbìrí tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní mítà kan, àárín yẹn ló sì yẹ kí olùwò jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan gba nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lórí tábìlì tí kò ju 60 lọ: mítà wo ló kù? Ẹnì kan ṣoṣo náà ló sì lè jókòó sí àárín òbìrí. Nínú ilé Ẹ̀gbá, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í ti í ní olùwòran kan, àwọn tó kù yóò máa wo pápá tó wọ́.

Ṣé ti géèmù ló wá dára? Nígbà tí Elden Ring jáde lọ́dún 2022, ìwọ̀n mọ́nítọ̀ lásán ni wọ́n dè é mọ́, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ra mọ́nítọ̀ tó lè gbé 240 yóò máa ja ogun rẹ̀ láàárín, pẹ̀lú òkùnkùn lọ́tùn-ún lósì. Fíìmù Yorùbá ìgbà kásẹ́ẹ̀tì VHS tún burú jù bẹ́ẹ̀: ìpín 4 ní ìbú sí 3 ní òòró ni wọ́n fi yà wọ́n, nítorí náà 45 sẹ̀ǹtímítà ni fíìmù yóò gbà, 75 yóò sì ṣófo. Òkùnkùn tí mo sanwó fún pọ̀ ju fíìmù lọ.

Àwọn ará ilé á ní iná ni yóò jẹ mí run. Lórí èyí, mo ní láti gbèjà ọ̀daràn náà. Ní April 2024, kílówáàtì kan fún wákàtí kan di ₦225 fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ká ní mọ́nítọ̀ náà ń jẹ 100 wáàtì, tó sì tàn fún wákàtí 8, ₦180 ni lójúmọ́ ní iye ìgbà yẹn. Owó yẹn ò ra búrẹ́dì. Ìyà ibẹ̀ kì í ṣe owó iná, àìsí iná ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀. Mọ́nítọ̀ kò ní. Gbogbo ohun tí mo tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sá wọ ojú kékeré kan, wọn yóò gun ara wọn lórí, àyàfi kí gbogbo àdúgbò fara da ariwo jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹnì kan tó fẹ́ ka e-mail níbùú.

Ẹlòmíràn lè ní: ṣebí mọ́nítọ̀ méjì ni, láìsí ààlà dúdú láàárín? Lóòótọ́, ààlà kò sí. Ṣùgbọ́n aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ látijọ́, mi ò sì gbọ́ rí pé oníbàárà kan ní ọjà Ìtòkú kọ ìró nítorí ojú rírán. Méjì ṣeé rà ní ẹyọ ẹyọ. Ọ̀kan ṣeé yí dúró lóòró fún lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà. Àtakò tó lágbára ni ti àwọn tí iṣẹ́ wọn ń lọ síbùú. Ẹni tó ń gé fídíò òde àríyá, tí ìyàwó ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gé kéèkì, ìbú ni àwòrán rẹ̀ ń tò lọ. Ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí ọkọ̀ òfurufú nínú géèmù náà ń jẹ èrè ìtẹ̀ yẹn. N kò bá wọn jà. Ẹ̀sùn tí mo fi kan ara mi ni pé n kò gé fídíò, n kò sì wa ọkọ̀ òfurufú.

Ààbò mi tó kù ni pé ọjà òkèèrè kì í ṣòfò: láti June 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, owó irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti lọ sókè gan-an. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọjà tó gbówó lórí ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò rà á, ẹni tó ní tábìlì jíjìn, iná tó dúró àti iṣẹ́ tó ń lọ síbùú. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà ní Kémta, kó wá bá mi ká jọ sọ̀rọ̀ owó. Kó sáà má ka àròkọ yìí kó tó wá.