Ta Ni Yóò Jogún Yín?

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ mú bírò àti fọ́ọ̀mù, kí ẹ kọrí sí oko Akáńrán. Iṣẹ́ káàdì ni mò ń ṣe láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ìgbèríko Ìbàdàn: Lágelú lónìí, Ẹgbẹ́dá lọ́la, Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà lọ́túnla. Aláìsàn ò ní í rí nọ́ọ̀sì kó tó rí mi. Èmi ni mo ń bi wọ́n ní orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ráhùn pé ará oko ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mò ń ṣe tí wọn ò fi fẹ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní ká lọ forúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera lọ́nà Akáńrán, mo wọ ṣòkòtò kakí tí mo lọ̀ tó le gan-an, mo há ìwé gbàǹgbà mọ́ abíyá. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe nìkan ni fọ́ọ̀mù bèèrè, ṣùgbọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé, mo fi tèmi kún un. "Bàbá, oko kòkó yín tó éékà mélòó? Ilé mélòó lẹ kọ́?" Bàbá wo ṣòkòtò mi, ó wo ìwé mi, ó ní òun kì í ṣe ará ibí, òun kàn wá kí onílé ni. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú láti inú ilé: "Bàbá Mùsílíù, oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Bàbá ò ṣe bí ẹni gbọ́. Nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀ abúlé, ọkùnrin kan ṣoṣo ò sí nílé mọ́.

Ìyá kan tó ń yan gàrí ló là mí lójú. Ó ní ọ̀nà Akáńrán yìí ni àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ti gbéná wojú ìjọba ní 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè sì ṣíwájú wọn, nítorí owó orí. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ni bàbá tí mò ń bi léèrè éékà. Ìwé lábíyá, kakí lẹ́sẹ̀, iye ilé lẹ́nu: ìyá ní agbowó-orí pọ́ńbélé ni òun náà kọ́kọ́ pè mí.

Ti ọjọ́ orí sàn díẹ̀, torí ọgbọ́n wà fún un. "Ṣé ẹ ti gbọ́njú lọ́dún tí Adélabú kú?" 1958 ni olóṣèlú Ìbàdàn yẹn kú. "Nígbà tí omi Ògùnpa gbé ilé lọ, ẹ ti bímọ?" 1980 nìyẹn. Mo fi ọgbọ́n yìí ṣírò ọjọ́ orí ìyá kan láti Èjìokù, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì gbé káàdì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ fi ọdún méjì ju ìyá lọ. Ìyá yìí kan náà ni mo bi ní orúkọ ọkọ. Ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀." Mo ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ni mò ń bèèrè. Ó ní, "Ṣé ẹgbẹ́ mi ni ọkọ mi ni?" Mo kọ Bàbá Ìyábọ̀. Ẹni tó bá mọ iye Bàbá Ìyábọ̀ tó wà ní Lágelú, kó wá ràn mí lọ́wọ́.

Ti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ńkọ́? NIN, BVN ti báńkì àti fóònù, mọ́kànlá-mọ́kànlá ni nọ́ńbà gbogbo wọn. Bí mo bá ní kí àwọn aláìsàn ka NIN wọn, wọ́n á ní mo fẹ́ wọ báńkì wọn, mo bínú, mo ní wọn ò lajú. Ìgbà tí mo wo ìwé mi, nọ́ńbà fóònù ìyàwó ni mo kọ sójú NIN ọkọ.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá kan wá, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ìyá, jókòó tì í lápá ọ̀tún àti òsì. Àwọn èrò kún bẹ́ǹṣì. Ẹni tí a lè pè bí wọ́n bá ní ká gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ni fọ́ọ̀mù ń wá. Èmi gbẹ́nu sókè:

"Bàbá, ta ni yóò jogún yín?"

"Jogún kí ni?"

"Ohun ìní yín, Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì ló sọ fún ẹ pé mò ń kú lọ?"

"Rárá o, Bàbá. Fọ́ọ̀mù ló bèèrè."

"Ta ló wá sọ fún fọ́ọ̀mù?"

Bẹ́ǹṣì dákẹ́ lọ gbáà. Àwọn ọmọ méjèèjì tẹjú mọ́ ẹnu bàbá. Nígbà tí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó ti ju èyí tó gbé wá láti ilé lọ.

Ìyẹn ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ti ìyàwó kékeré kan tó wá gba káàdì aboyún kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ni mo bá pariwo: "Oyún kelòó rèé?" Ó ní àkọ́kọ́ ni. Nígbà tó wọlé tọ nọ́ọ̀sì, òun nìkan, ó sọ òtítọ́: oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, kó tó wọlé ọkọ. Nọ́ọ̀sì gbé káàdì jáde pé kí n tún un ṣe. Ó rọra sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n èmi kò rọra: "Háà, ìyàwó, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé àkọ́kọ́ ni?" Ìyá ọkọ gbọ́. Ní ọjọ́ aboyún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ò wá.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo tiẹ̀ yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri létí, bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ará oko ò mọ ọjọ́ orí tàbí orúkọ. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń gbọ́, àti ohun tí a fẹ́ fi í ṣe.

Tábìlì mi ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì báyìí. Mo ń sọ ìdí ìbéèrè kí n tó béèrè, èyí tí fọ́ọ̀mù ò bi mí, n kì í bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà, bí oníkáàdì bá ń fi ohùn oníwàásù bi yín ní ọ̀rọ̀ ara yín láàárín èrò, ẹ ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, tó ku ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un.