Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Tó Di Ọmọ Onílùú ní Prague

Láti ìgbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ti wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Czech ní ìparí ọdún 1989, tí èdè Rọ́ṣíà tí wọ́n ń fi dandan kọ́ àwọn ọmọ iléèwé sì pàdánù ipò rẹ̀, kò sí ọdún tí Prague, olú-ìlú ibẹ̀, kò gba irú àlejò kan tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ bí ẹni mowó. Àlejò náà ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tó ti fi oṣù kan péré kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tó sì ń fi ìwé àṣẹ ìṣòwò ṣiṣẹ́, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó dá dúró lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, nítorí pé iye wákàtí tó bá kọ́ni ni ọ̀pọ̀ iléèwé èdè ń san owó lé lórí. Oṣù kẹsàn-án ló máa ń dé, ṣùgbọ́n kí oṣù kọkànlá tó parí, ó ti di ọmọ onílùú lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀rí ọmọ onílùú tó ń tọ́ka sí kò ṣòroó kà. Kì í gba orí afárá Charles kọjá mọ́, nítorí pé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló ni ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti ya fọ́tò tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó gba yàrá sí Žižkov, àdúgbò tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ilé ọtí, níbi tí agbọ́tí ti ń fi ìwé pélébé síwájú ẹni tó ń mu bíà, tó sì ń fa igi kan sí i fún ife kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí nìkan ni tíṣà lè kà já ní ilẹ̀ Czech láìṣí ògbufọ̀.

Àwọn ará Czech, gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá, kì í sọ̀rọ̀ sí àgbà tàbí ẹni tí wọn kò mọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àgbà ló sì ń fún ọmọdé láyè láti jáwọ́ nínú ọ̀wọ̀ náà bó bá wù ú. Tíṣà, ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ sáàárín “o” àti “ẹ”, ń “o” ìyá onílé rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí màmá náà bá sì ń “ẹ” òun lóhùn tútù, tíṣà á máa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ara àwọn ará Czech kì í tètè yá sí èèyàn. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ohun tó wà lọ́kàn màmá.

Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rẹ́ tó ní láàárín àwọn onílẹ̀, kíá ló máa dárúkọ mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí iṣẹ́ òòjọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ó mọ bí akáúńtáǹtì kan ṣe kọ ọkọ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún bàbá ọ̀gá kan, ó sì gbà pé ìfọkàntán ni wọ́n fi sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ròyìn ohun tó ti kọjá. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kò bá san owó ẹ̀kọ́ mọ́ ni ọ̀rẹ́ mẹ́wàá máa ń tán. Àwọn tó bá sì pè é síbi bíà láìsan owó ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn Czech kan kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn bóyá eré ni wọ́n wá ṣe tàbí lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àṣírí máa ń tú. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Prague ló ní “chata”, ilé kékeré ní ìgbèríko, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ nígbà Kọ́múníìsì, nígbà tí ìrìn-àjò sí ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ṣòro. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ ro ọgbà, tí wọ́n sì ń wá olú nínú igbó. Tíṣà àti àwọn tíṣà bíi tirẹ̀ ni ìlú máa ń ṣẹ́ kù fún, wọn a sì jókòó síbi ọtí nínú ọgbà Riegrovy sady, wọn a máa ṣàlàyé ìwà àwọn ará Czech fún ara wọn.

Bó bá ṣe orí ire, akẹ́kọ̀ọ́ kan a pè é lọ sí chata. Wọ́n á ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà á gbé ọbẹ̀ fún un, bàbá á fa ayùn lé e lọ́wọ́ kí wọ́n jọ gé igi ìdáná, gbogbo ilé á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ ní èdè wọn láìtún wo ojú rẹ̀ bí àlejò. Bó bá padà, á ní wọ́n kó òun ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, wọn kò sì bá òun fọ̀rọ̀ wérọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún pè é lóṣù tó tẹ̀ lé e, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á ní òun kò ní lè wá, torí pé ilé ọtí tí òun ń lọ ní ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn lọ́jọ́ náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.