Alàgbà Sátẹ́láìtì

Kò sí àdúgbò kan ní Ṣakí tí kò ní tirẹ̀. Ìdí oníwèé ìròyìn ni ẹ ó ti bá a, tàbí lábẹ́ agbòjò àwọn tó ń tún fóònù ṣe, tàbí níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Níbi tí bẹ́ǹṣì bá sáà ti wà. Kì í tà, kì í rà, àlàyé ni ó ń ṣe. Ohun yòówù tí wọ́n bá ṣàwárí ní Amẹ́ríkà lálẹ́ àná, kí ẹlẹ́kọ tó palẹ̀ mọ́ láàárọ̀ yìí, Alàgbà Sátẹ́láìtì ti yanjú ẹ̀.

Ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Fóònù méjì ló ní: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ló máa ń gbé dání. Awò ìkàwé rẹ̀ kì í kúrò níwájú orí, kì í sì í sọ̀kalẹ̀ dé ojú, torí pé àkọlé nìkan ló ń kà, lẹ́tà àkọlé ò sì kéré. Bó bá ti kà á tán, á dá ìwé ìròyìn padà fún ẹni tó ni ín láìsan kọ́bọ̀, á húkọ́, gbogbo wa á sì pa lọ́lọ́.

Ìdáhùn mẹ́ta péré ló ní, wọ́n sì kárí gbogbo sáyẹ́ǹsì. Èkíní: òyìnbó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún wa ni. Èkejì: àwọn baba ńlá wa ti ṣe é rí. Ẹ̀kẹta: ó wà nínú ìwé mímọ́, orí àti ẹsẹ ẹ̀ nìkan ni òun ò rántí báyìí. Ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ ńkọ́? Èkíní. Bàálù ńkọ́? Èkejì, egbé ni òyìnbó wá jí kọ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà gbé ẹ̀rọ wọn gúnlẹ̀ sí apá gúúsù òṣùpá ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó fún wọn ní ẹ̀kẹta, ó sì fi èkejì lé e gẹ́gẹ́ bí ènì. À ń gbọ́, à ń mi orí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í pé bí kánàkò bá wà nílé lóòótọ́, kí ló dé tí Alàgbà fi ń bá awakọ̀ Ìbàdàn ná owó ọkọ̀ láti ìdájí.

Orúkọ tó ń jẹ́ yìí náà ní ìdí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, wọ́n gbé NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, lọ sójú òfuurufú láti ilẹ̀ Ṣáínà. Bí gbogbo ìlú ṣe ń yọ̀, Alàgbà ní kò lè pẹ́. Ó ní òun ti ra tọ́ọ̀ṣì Ṣáínà rí, òun mọ bátìrì wọn. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2008, sátẹ́láìtì kú sókè: ibi tó fi ń gba agbára oòrùn daṣẹ́ sílẹ̀, bátìrì sì gbẹ. Láti ọjọ́ náà, ta ló tún lè bá a jiyàn? Pé àwọn ará Ṣáínà gbé òmíràn, NigComSat-1R, lọ rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2011, kò dé etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àbá rẹ̀ bọ́ sí i ni ó ń jẹ títí dòní.

Àmọ́ ọdún 2012 gan-an ni ọdún rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 15, gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá sí ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó. Ìtọ̀ ni wọ́n ń rọ sí i. Ìròyìn náà yí gbogbo ayé po: ìtọ̀ lítà kan, iná wákàtí mẹ́fà. Alàgbà dìde dúró. Ó ní ìyà òkùnkùn tán ní Òkè-Ògùn. Ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé dírọ́ọ̀mù sí gbogbo gáréèjì, kí wọ́n pa “Má tọ̀ síbí” rẹ́ lára ògiri, kí wọ́n kọ “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ̀ síbí” rọ́pò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ṣírò iye iná tí ilé ẹmu kan ṣoṣo lè pèsè ní alẹ́ Sátidé.

Bàbá Oníkòkò wà níjòókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ irú wọn, àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù ní Ṣakí. Písítìn tó ti kú, páànù tó ti ya, abala ẹ́ńjìnì tí mẹkáníìkì jù nù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú iná èédú, tí wọ́n á sì máa fẹ́ ẹ títí yóò fi yọ́. Ooru náà gbọ́dọ̀ tó 660 ní ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìwọnná kankan lọ́wọ́ bàbá yìí. Àwọ̀ iná ni wọ́n ń wò. Wọ́n á da alumíníọ̀mù tó yọ́ náà sáàárín yanrìn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ra. Bó bá tutù, wọ́n á gbọn yanrìn dànù. Wọn ò tíì ní pè é ní ìkòkò o. Wọ́n á pọn omi kún un, wọ́n á gbé e sórí erùpẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á lọ jẹun. Bí wọ́n bá fi máa padà dé tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rin, inú iná ló ń padà sí.

Bàbá yìí ló la ẹnu: “Alàgbà, ẹ má bínú. Iná wo ni wọ́n fi ń yọ gáàsì jáde látinú ìtọ̀ yẹn?”

Bẹ́ẹ̀, ojú ọgbẹ́ gan-an ni wọ́n tẹ̀. Iná mànàmáná ni wọ́n ń tàn sínú ìtọ̀ kí háídrójìn tó lè yọ, tí wọ́n á fi omi sẹ́ ẹ, kó tó wọ inú sílíńdà gáàsì, kó tó dé inú ẹ́ńjìnì. Iná tí ń bẹ nídìí iṣẹ́ yìí ju iná tí ẹ ó rí gbà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà sọ nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, wọ́n sì gbé e síta kí aráyé yẹ̀ ẹ́ wò. Alàgbà kò yẹ nǹkan kan wò. Ó yíjú sí bàbá náà, ó ní, “Bàbá, ẹ ò máa ń ka ìwé ìròyìn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá la sì ń rín.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2014, kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀bólà ti wọ Èkó. Ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kárí orílẹ̀-èdè láàárín òru: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu nínú ẹ̀. Alàgbà kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Èkíní ni: iyọ̀ yìí ni òyìnbó ti ń fi pa mọ́ fún wa. Iyọ̀ gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ó sì pa àwọn mìíràn. Àrùn yẹn mú èèyàn 20, ó pa 8, ó sì tán nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló tọpasẹ̀ ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, tí wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wọn ooru ara wọn, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán. Èwo ni kí Alàgbà máa fi ìyẹn ròyìn? Kò ní adùn.

Ní ọdún 2020, ó nawọ́ sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, ó ní 5G tó wà lórí ẹ̀ ló ń fa kòrónà. Ó di ọdún 2022 kí MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G ní Nàìjíríà. Abẹ́ òpó tó nawọ́ sí yẹn gan-an, ẹni tó bá fẹ́ pe ará Ìbàdàn ní láti gun orí àpáta ná.

Àmọ́ kí a má gbé gbogbo ẹ̀bi kà á lórí. Àwa la sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Bí Bàbá Oníkòkò bá ní, “Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná,” à á tú ká. Bí Alàgbà bá ní, “Mo sọ fún yín,” à á fa àga mọ́ra.

Nígbà tí ChatGPT dé ní ìparí ọdún 2022, Alàgbà kìlọ̀ fún ìlú. Ó ní ẹ̀rọ yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, lọ́wọ́ lọ́yà, lọ́wọ́ akọ̀ròyìn. Ó tẹnu mọ́ ọn títí ó fi wọ àwọn ọmọ Pólì létí, àwọn náà bá gbé e sórí fóònù. Wọ́n rí i pé kò sí ohun tí ẹ bi í tí kò ní fèsì. Bí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, bí kò jẹ́ òótọ́, ohùn kan náà ló fi ń sọ ọ́. Kì í húkọ́, kì í sì í gba àyè lórí bẹ́ǹṣì. Kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà kankan ládùúgbò wa. Ti Alàgbà ló kọ́kọ́ gbà.

Lọ́jọ́ tí ọmọ kan ka èsì ẹ̀rọ náà sókè, tó sì ta ko èyí tí Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, ó na ìka sí fóònù náà, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n: “Ta ló sọ fún un? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?”

Bàbá Oníkòkò ń ti ọmọlanke písítìn kọjá lọ. Wọ́n dúró, wọ́n yíjú sí i.

“Ẹ káàbọ̀, Alàgbà.”