Bàbá Ológun Etí Rédíò

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá Bàbá l'Áyétòrò, síbẹ̀ Igbókòdá la ti ń lọ ra omi mímu. Kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbéra, Bàbá ti fi ìtàn dé Ore, oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin já síbẹ̀.

“Ìbọn ń ró gbàù-gbàù, mi ò mira!”

Òótọ́ ni. Ìdí àwọ̀n ló jókòó sí nílé. Rédíò ló ń ròyìn ogun.

Lọ́jà Igbókòdá, ìyá onígàrí dá iye lé gàrí. Bàbá ní òun ń bọ̀. Ọ̀gágun tí kò sá fún Biafra, kóńgò gàrí kan ló lé e. Ìdí ọkọ̀ ni mo ti bá a: obì lápò, bátìrì rédíò lọ́wọ́.

“Bàbá, omi tá a wá rà ńkọ́?”

“Omi kẹ̀? Ìròyìn aago méje ni mò ń sáré bá ní tèmi.”