Ó Kù Díẹ̀

Bí ẹ bá bi Àtíìsì pé iṣẹ́ mélòó ló ti parí lọ́dún yìí, ẹ ti bú u nìyẹn. Bíríkìlà ló ń parí iṣẹ́. Tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Kánfáàsì fara ti gbogbo ògiri yàrá rẹ̀ ní Ṣómólú, wọ́n to ara wọn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí èyí tí kò kù díẹ̀ nínú wọn: èyí ò tíì ní etí, èyí ò tíì ní ọwọ́ òsì, èyí ti ní gbogbo ẹ̀yà ara tán, àmọ́ "ẹ̀mí rẹ̀ ò tíì wọlé." Irú Àtíìsì yìí kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ ó rí i ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ẹ ó rí i ní Òṣogbo níbi tó ti ń sọ fún àwọn àlejò òyìnbó pé òun bá Twins Seven-Seven jẹ iyán rí. Fìlà kan náà, irùngbọ̀n kan náà, bàtà tí ọ̀dà ti dì mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ládùúgbò. Sọ́ńbì ló ń yà. Ojú àwọn tó mọ̀ ló ń yà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti kú, tí wọ́n ti sin, tó wá jáde padà láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti jẹrà, eyín á yọ síta, ẹyinjú kan á ti rọ̀ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀dà lásán ló fi ń yà wọ́n. Á kọ́kọ́ po Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó, mọ́ iyanrìn tó ti jọ̀ àti lẹ́búlẹ́bú tó ṣà nílé ìlàgi. Á fi ọ̀bẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì títí ojú á fi rí gbágungbàgun. Níbi tí awọ bá ti ń bó, á rún èèpo ẹyin sí i. Á rẹ tíṣù sínú gọ́ọ̀mù, á ká a jọ, á fi ṣe ètè. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kó tó mú àwọ̀ ewé, pupa rúsúrúsú àti dúdú jáde. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ẹni tó bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyẹn á yára nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò. Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ká ní ọ̀lẹ tí kò mọ iṣẹ́ ni, a ò bá ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wá wo àwọn tó yà. Alájọ. Ìyá oníràìsì ẹnu ọ̀nà. Télọ̀. Ẹni tó ń bá a kan férémù. Sẹ́kítírì ẹgbẹ́ onílé, tó ti bá a san owó iná. Bàbá láńlọ́ọ̀dù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Àtíìsì ò jẹ lówó. Ọlọ́mi, tó máa ń dúró gba owó kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nìkan ni kò tíì kú.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, Fẹlá ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Fẹlá kọ Zombie lóòótọ́, ní 1976, àwọn ṣọ́jà tí wọn kì í ronú àfi kí wọ́n pàṣẹ fún wọn ló ń bá wí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé, 1977, àwọn ṣọ́jà wá jó ilé rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n sì ti ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ni Àtíìsì mọ̀ lórí, ọjọ́ àti oṣù. Ṣùgbọ́n ìyá oníràìsì ò ní ìbọn. Èyí tó burú jù tó lè fi ṣe é ni kó má fi ẹran sí ráìsì àwìn rẹ̀.

Bí ẹmu bá ti dé ìdajì kèrègbè, ó tún ní òmíràn: àwọn ará Èkó, àkúdàáyà ni gbogbo wọn. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó há ara rẹ̀ mọ́ dánfó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ilẹ̀ tún ṣú u sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá, ṣé alààyè nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ẹni tó ń sọ ọ́ jí. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà sì sọ fún wa nípa rẹ̀ ní àmì kan. Ó lè wà nílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n fún ọdún gbọọrọ, kó láya, kó bímọ, kó ní ìsọ̀ lọ́jà. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá yọ lókèèrè, ó ti pòórá. Ẹ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Àtíìsì lọ́jọ́ tí alájọ bá yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò. Tíì gbígbóná á wà lórí àpótí, sìgá á máa rú èéfín, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó wà lẹ́nu géètì á ní Bọ̀dá ti lọ sí Òṣogbo.

Bàbá kan tó wá láti Ọ̀wọ̀, tó ń gbé ilé kejì, wo àwọn òkú náà yí ká lọ́jọ́ kan. Ó ní nílé àwọn, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n lè gbẹ́ àkó rẹ̀, ère tó jọ olóògbé, wọ́n á fi aṣọ olówó ńlá wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Àtíìsì ti ń mi orí, ó ti gbà pé wọ́n ń yin òun. Bàbá ní: "Àmọ́ ẹni tó ti kú ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n sì máa ń parí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ píparí yìí gan-an ni kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá fà á wá síwájú, á ní ọ̀dà ò tíì gbẹ. Lóòótọ́, ọ̀dà elépo tó bá nípọn lè lo oṣù tó pọ̀ kó tó gbẹ dénú. Ṣùgbọ́n èyí tí Àtíìsì ń lò, ọ̀dà olómi ni, òmíràn nínú rẹ̀ sì jẹ́ àṣẹ́kù ọ̀dà ògiri ilé ìjọsìn kan. Á ti gbẹ kí wọ́n tó sọ ráìsì kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á gbé Leonardo da Vinci dìde. Leonardo bẹ̀rẹ̀ Mona Lisa ní nǹkan bí ọdún 1503, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó kú ní 1519, kò gbé e fún ẹni tó ní kó yà á. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ Aina Onabolu lẹ́nu rẹ̀, tó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, tó parí rẹ̀, tó sì mú òmíràn. Enwonwu ló fẹ́ràn, nítorí àwòrán Tutu. Àwòrán ọdún 1974 yẹn sọnù pẹ́ kí wọ́n tó bá a nínú ilé ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ̀kọ́ tí Àtíìsì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dára fún iṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan kó owó wá nítorí alájọ. Owó gidi ni, ó wà nínú àpò nylon dúdú. Àtíìsì wo owó, ó wo alájọ, ó ní ó kù díẹ̀. Àwọn ará ilé pè é ní aṣiwèrè, èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti parí ti níye, ohun tó bá sì níye ni wọ́n ń ná. Wọ́n lè ní kò tó iye tó pè é. Wọ́n lè ní kò dáa. Ta ló máa bú iṣẹ́ tí kò tíì dé ibi tó ń lọ? Ó ti tó ọdún púpọ̀ báyìí tí Àtíìsì ti jẹ́ ẹni tí yóò di ńlá, oyè náà sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kó di ńlá lọ.

Àwọn òkú rẹ̀ náà ò sì ràn án lọ́wọ́ láti yí padà. Ìyá oníràìsì kọ́kọ́ ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó da òróró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ikú kọ́ ni ìpín òun. Nígbà tí ẹnì kan ya fọ́tò àwòrán náà tó ń ràn ká orí fóònù, tí àwọn oníbàárà tuntun sì ń wá wo ìyá sọ́ńbì, ó wọlé wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó béèrè bóyá wọ́n lè fi yẹtí góòlù sí i. Télọ̀ ò bínú pé òun jẹrà. Ohun tó ń bí i nínú ni ọrùn bùbá tí wọ́n yà sí i lọ́rùn: ta ló rán irú rẹ̀? Ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ níbẹ̀, nítorí léèsì Àtíìsì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti Iléyá èṣí, òun náà sì ní ó kù díẹ̀.

Bàbá láńlọ́ọ̀dù ló kẹ́yìn. Owó ilé ti wọ ọdún kejì. Gbogbo ilé ti gbọ́ pé Bàbá mọ̀ pé wọ́n ti ya òun lókùú, wọ́n sì ń retí kúìtì nótíìsì. Ìgbà yìí, ẹsẹ̀ Àtíìsì ò yá tó. Bàbá bá a nílé. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó dúró síwájú kánfáàsì, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi sú àwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ni tẹ̀gbẹ́ mi yìí?"

"Sẹ́kítírì ẹgbẹ́ onílé ni, sà."

"Kí ló dé tí tiẹ̀ fi tóbi ju tèmi lọ?"

Àtíìsì ò rí èsì fọ̀.

"Ilé mélòó ló ní? Èmi tí mo ní mẹ́ta, tí mo tún joyè?" Bàbá ní kó wá kánfáàsì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó ní kó fi abetí-ajá sí i, kó fi iyùn sí ọrùn àti ọwọ́ méjèèjì. Ojú lè jẹrà bó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ìdin ò gbọdọ̀ dé ibi iyùn.

"Ó máa pẹ́ díẹ̀, Bàbá. Iyùn nìkan..."

"Má kánjú. Ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó ilé, ká fi sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí."

Àtíìsì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kó tó dìde, ó ti ń ṣàlàyé nílẹ̀ níbẹ̀ pé ọ̀dà pupa ti wọ́n lọ́jà o, pé bí Bàbá bá lè fi nǹkan kékeré sílẹ̀ fún ti iyùn.